Àkísà Ti Dé Ọjà Garki

Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Òótọ́ ni, nígbà tí wọ́n ń sọ ọ́. Wọn kò tíì rí ọmọ Garki, ní Àbújá, tó fi owó gidi ra sòkòtò jíǹsì tí wọ́n ti ya orúnkún rẹ̀ láti iléeṣẹ́ tó rán an. Àkísà ti di ohun tí à ń rà, àwọn tó sì mọ̀ ọ́n rà jù ni àwọn ọmọ wa tó ń wá iṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì.

Aṣọ, ìyẹn sátífíkéètì, la ó kọ́kọ́ wò. Iléeṣẹ́ Cisco ní Amẹ́ríkà ló ń rán an. CCIE, agbádá ńlá, ló ṣáájú, ní 1993. Wákàtí 8 gbáko ni ìdánwò àfọwọ́ṣe rẹ̀. CCNA, tí í ṣe bùbá, kò dé títí di 1998. Láàárín wọn ni CCNP, tí í ṣe dàńṣíkí, wà. Tẹ́lẹ̀, ẹni tí kò ní CCNA kì í gba CCNP, àmọ́ láti February 24, 2020, ẹni tí kò ní bùbá rí lè wọ dàńṣíkí. Bí ọdún 3 bá sì pé, aṣọ náà á gbó mọ́ni lára, a ó tún un rà.

300 dọ́là ni owó ìdánwò CCNA. Ẹ lọ bi àwọn tó ń ṣẹ́ dọ́là ní Zone 4, Wúsé: 70,000 náírà tí ìjọba fi ṣe owó oṣù tó kéré jù ní 2024, oṣù márùn-ún rẹ̀ kò lè san án. Ẹni tó tọrọ irú owó bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò gbọdọ̀ fìdí rẹmi. Ibẹ̀ ni dump ti wọlé: ìbéèrè tí ẹnì kan jí gbé, tòun ti ìdáhùn, tí wọ́n ń há sórí bí oríkì. Ọmọ náà á mọ̀ pé ìbéèrè kẹtàdínlógún, C ni. Kí wọ́n má ṣáà ti pààrọ̀ ipò A àti C.

Àkísà ńkọ́? Ìrírí ni: òru tí èèyàn fi jókòó ti ẹ̀rọ tó kú, wáyà tí eku jẹ, èébú ọ̀gá. Mo ka ìpolówó iṣẹ́ kan ní Area 11, níbi tí NITDA, àjọ ìjọba fún ìmọ̀ ẹ̀rọ, fi ṣe ibùjókòó (kì í ṣe tiwọn o). Wọ́n ń wá ẹni tí kò ju ọmọ ọdún 25 lọ, tó ní CCNP, tó sì ti ṣiṣẹ́ fún ọdún 10. Ìyẹn ni pé kó ti máa gun òpó pẹ̀lú yunifọ́ọ̀mù JSS 3 lọ́rùn. Kí ni kó ṣe? Ó jókòó sí ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà kan ní Area 1, ó ń ya aṣọ ara rẹ̀ nínú CV: ọdún 4 níbí, ọdún 6 lọ́hùn-ún, ní iléeṣẹ́ tó ti kógbá sílé, kí ẹnikẹ́ni má baà pè wọ́n lórí fóònù.

Ní ọ́fíìsì kan ní Garki II, íntánẹ́ẹ̀tì kú fún ọjọ́ kan àbọ̀. Ọ̀dọ́kùnrin tó wà nídìí rẹ̀ ní sátífíkéètì mẹ́ta nínú férémù. Ó pa ẹ̀rọ, ó tàn án, ó bú àwọn tó ń ta íntánẹ́ẹ̀tì fún wọn. Wọ́n lọ pe bàbá kan tó ti ń fa wáyà tipẹ́. Bàbá kò fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà kankan. Ó rá wọ abẹ́ tábìlì akọ̀wé, ó wo switch kékeré tó so àwọn kọ̀ǹpútà pọ̀ níbẹ̀. Gbogbo iná rẹ̀ ń ṣẹ́jú pọ̀ wìrìwìrì, bí ojú tí ata bọ́ sí.

“Ta ló gbálẹ̀ níbí lánàá?”

Ẹni tó gbálẹ̀ rí orí wáyà kan tó ń fì, ó ṣàánú rẹ̀, ó tì í bọ ihò tó ṣófo. Orí kejì ti wà nínú switch kan náà. Ohun tó bá ti wọ ibẹ̀ á máa yípo, ọ̀kan á di ogún, ogún á di igba, títí ọ̀nà fi dí pa. Àrùn yìí wà nínú ìwé CCNA, wọ́n sì bi ọmọ wa nípa rẹ̀ nínú ìdánwò. Ó gbà á. C ni.

Bàbá fa wáyà yọ. Íntánẹ́ẹ̀tì dé.

“Bàbá, níbo lẹ ti kọ́ ọ?”

“Èmi náà ti tì í bọ̀ bẹ́ẹ̀ rí, ọmọ mi. Báńkì ni, ọjọ́ tí wọ́n ń sanwó oṣù.”

Akọ̀wé owó rẹ́rìn-ín, ó sì mú fọ́ọ̀mù jáde. “Ẹ ṣé gan-an, Bàbá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa mú ẹ̀dà sátífíkéètì yín wá, ká lè sanwó yín.”