Bàbá Ìpáàrà àti Bọ́ǹbù Tí Kò Lè Bú

Ẹ sún díẹ̀ kí n ráyè, kí ẹni tó ń pa ẹ̀pà sì rọra máa pa á, torí ọ̀rọ̀ tí mo gbé dé yìí, bí ẹ ò bá gbọ́ ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, òpin rẹ̀ á rú yín lójú. Ṣé ẹ mọ Bàbá Ìpáàrà? Ẹ ò mọ̀ ọ́n kẹ̀! Bàbá tó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ Màmá Alákàrà ní Thamesmead níbí, tó máa ń wọ kóòtù sójà nínú ooru, tí àpò rẹ̀ máa ń dún wọnran-wọnran tó bá ń rìn. Ẹ̀hẹ́n, òun náà ni. Àwọn ọmọdé àdúgbò ló sọ ọ́ lórúkọ yẹn. Wọn kì í pè é bẹ́ẹ̀ lójú rẹ̀, àmọ́ ó ti mọ̀. Mo ti gbọ́ ọ tó ń fi orúkọ náà ki ara rẹ̀ níbi tó ti ń fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha nǹkan lẹ́yìnkùlé.

Awakọ̀ bọ́ọ̀sì ni ní London yìí kó tó fẹ̀yìn tì. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń ta ayò, wọ́n ń sùn níwájú tẹlifíṣọ̀n, wọ́n ń ka iye oògùn tí dókítà kọ fún wọn. Òun, ohun ogun àtijọ́ ló ń kó jọ: èèpo ọta àgbá, akoto sójà, agolo epo, àwo ìjẹun ojú ogun, títí kan bọ́ǹbù àfọwọ́jù. Ẹ má fò dìde! Mo ní kí ẹ jókòó. Èyí tí kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀ mọ́ ni. Wọ́n ti kó ẹ̀tù inú rẹ̀ dànù, wọ́n ti yọ ohun tó ń mú un gbiná, àwọn mìíràn tiẹ̀ wà tí wọ́n ti lu ihò já lára wọn kí gbogbo ojú lè rí i pé òfìfo ni. Á rà wọ́n tìdọ̀tí-tìdọ̀tí, á wá jókòó tì wọ́n títí ojú wọn á fi là.

Ìyá Ìjọ, ìyàwó rẹ̀, obìnrin tí Bíbélì máa ń wà lẹ́nu rẹ̀ pàápàá tó bá ń bínú, bi í lọ́jọ́ kan níṣojú gbogbo wa pé ṣé kò tíì ka ibi tí Jésù ti kìlọ̀ nípa ìṣúra tí kòkòrò àti ìpáàrà ń bà jẹ́ ni. Bàbá ò tiẹ̀ gbójú sókè. Ó ní, "Ìyá àwọn ọmọ, ìpáàrà yẹn gan-an ni mò ń bá jà. Kòkòrò ló kù." Àbí ẹ ò rí nǹkan! Báwo lèèyàn ṣe fẹ́ bá irú ọkùnrin yìí ṣe àríyànjiyàn?

Òun Ìyá Ìjọ yìí náà ló sì fa ọ̀rọ̀ tí mo gbé dé yìí o, ẹ má jẹ́ kó tàn yín. Ó rán ọkọ rẹ̀ lọ sí ọjà àlòkù, èyí tí wọ́n ti ń tajà látinú bùùtù mọ́tò yẹn, pé kó lọ wo ìkòkò òdòdó wá. Ohun tí Bàbá gbé wálé ni èèpo ọta àgbá kan tí wọ́n fi idẹ ṣe, gíga rẹ̀ tó 30 sẹ̀ǹtímítà, ó ti dúdú, ẹni tó tà á sì ti ń kó ṣíbí ìdáná sínú rẹ̀. Ìyá Ìjọ pariwo. Bàbá dorí nǹkan kodò, ó mú awò ojú rẹ̀, ó ń ka ìdí rẹ̀ bí ẹni ń ka lẹ́tà. Wọ́n tẹ "18 PR" síbẹ̀, ìyẹn ni pé ti àgbá tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní 18-pounder ni, èyí tí wọ́n gbára lé jù lójú ogun nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní. Ọdún 1916 wà níbẹ̀. "CF" wà níbẹ̀, tó fi hàn pé ẹ̀tù cordite tó pé ìwọ̀n ni wọ́n rọ sínú rẹ̀. Ọfà kékeré tó rí bí ẹsẹ̀ adìẹ, àmì pé nǹkan ìjọba ni, òun náà wà níbẹ̀. Lẹ́tà méjì kan wá ṣẹ́ kù tí kò yé e: R àti L.

Ó lọ bi àwọn àgbà tó ń kó irú nǹkan bẹ́ẹ̀ jọ. Wọ́n ní Royal Laboratory ni, inú Royal Arsenal ní Woolwich.

Woolwich o! Woolwich tí ẹ ti ń ra pọ̀nmọ́! Woolwich tí Màmá Alákàrà ti lọ bá oníṣu jà lọ́sẹ̀ tó kọjá, tó ní iṣu tó tà fún òun, igi ni! Níbẹ̀ yẹn ni wọ́n ti ń rọ ọta fún gbogbo ìjọba Gẹ̀ẹ́sì láti ọjọ́ aláyé ti dáyé, títí wọ́n fi ti ilé iṣẹ́ náà pa ní 1967. Thamesmead tí a wà yìí ńkọ́? Ilẹ̀ àbàtà Arsenal ni púpọ̀ nínú rẹ̀, ibi tí wọ́n ti máa ń yin àgbá wò, kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́lé síbẹ̀ nígbà tí àwọn ọdún 1960 ń parí lọ. Ẹ wá ronú ọta tó kúrò ní Woolwich, tó sọdá òkun lọ jagun, tó padà wá di ìkó-ṣíbí-sí, tó sì wá bọ́ sọ́wọ́ Yorùbá kan tí ilé rẹ̀ kò jìnnà sí ibi tí wọ́n ti rọ ọta náà.

Ọmọkùnrin Màmá Alákàrà wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí Bàbá ń ṣàlàyé. Ọmọ yẹn, ẹ mọ̀ ọ́n, ó lè sunkún nítorí Arsenal ju bó ṣe sunkún nígbà tí wọ́n gé irun rẹ̀ lọ. Kò mọ̀ rárá pé àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìrọta yìí ló dá ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù náà sílẹ̀ ní 1886, pé Woolwich ni ilé wọn kí wọ́n tó kó lọ sí Highbury ní 1913, àti pé àgbá tó wà láyà aṣọ Saka ọmọ wa kì í ṣe ọ̀ṣọ́ lásán. Ẹnu ya ọmọ náà. Ó ní, "Bàbá, ẹ̀yin náà ń ṣe Arsenal nìyẹn?" Bàbá ní rárá o, Chelsea lòun.

Àmọ́ ohun tó yí Ìyá Ìjọ lọ́kàn padà kì í ṣe bọ́ọ̀lù. Bàbá sọ fún un pé nígbà Ogun Kìíní, òṣìṣẹ́ ibẹ̀ tó 80,000, ẹgbẹẹgbẹ̀rún obìnrin sì wà nínú wọn. Àwọn tó ń rọ ẹ̀tù TNT sínú ọta, ẹ̀tù yẹn a máa sọ àwọ̀ ara àti irun wọn di yẹ́lò, wọn a sì máa ṣàìsàn, síbẹ̀ wọn á jí lọ síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ kejì. Ìyá Ìjọ dákẹ́ díẹ̀. Ó ní, "Obìnrin ló rọ èyí?" Bàbá ní ó ṣeé ṣe. Ló bá gbà á lọ́wọ́ ọkọ rẹ̀, ló ní ẹ̀yin ọkùnrin ò mọ idẹ fọ̀.

Níbẹ̀ ni ìjà tuntun ti bẹ̀rẹ̀. Ìyá Ìjọ ọmọ Òṣogbo ni, ó ní òrombó wẹ́wẹ́ àti eérú ni ìyá òun fi ń fọ idẹ, àfi kó dán gbinrin. Bàbá ní ó tì o, pé bí ekan òrombó bá pẹ́ lára idẹ, síńkì inú rẹ̀ ló máa jẹ, bàbà nìkan ni yóò kù lójú, nǹkan á wá pọ́n bí ẹni tó bó. Ọṣẹ díẹ̀, omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́, búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín tó rọ̀, ó tó. Búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín ta ni? Ẹ má bi mí. Mo kàn mọ̀ pé Ìyá Ìjọ ra tuntun lọ́jọ́ kejì.

Àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ yìí náà kò fẹnu kò sí i, kí n má purọ́. Àwọn kan gbà pé kí idẹ dán débi tí èèyàn á fi lè wo dígí nínú rẹ̀. Àwọn kan ní kí wọ́n fi dúdú rẹ̀ sílẹ̀, pé ọjọ́ orí ni. Èmi ò dá sí ìjà wọn, àmọ́ mo ti rí ọ̀kan tí wọ́n ha, tí wọ́n ha, tí R àti L fi pa rẹ́ nídìí rẹ̀, mo sì mọ ẹgbẹ́ tí mò ń bá lọ: ẹni bá fi dídán pa orúkọ ibi tí wọ́n ti rọ ọ́ rẹ́ ti ba nǹkan jẹ́.

Ti idẹ kéré sí ti irin o. Ẹ jẹ́ kí n sọ ti akoto. Bàbá ra akoto sójà kan tó dógùn-ún pátápátá. Wọ́n kọ́ ọ pé kó yọ awọ inú rẹ̀, kó wá rẹ irin náà sínú oje ìrèké dúdú, èyí tí wọ́n máa ń fún ẹṣin jẹ, ìwọ̀n kan oje sí ìwọ̀n mẹ́sàn-án omi, kó fi sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan, ìpáàrà á kúrò fúnra rẹ̀. Òótọ́ sì ni, ó ń ṣiṣẹ́. Ohun tí wọn ò sọ fún un ni òórùn rẹ̀. Oje ìrèké nínú omi, nínú ooru, ẹ̀yin náà ẹ mọ ohun tó máa dà. Gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀ ń rùn bí ilé ẹlẹ́mu. Ọjọ́ yẹn gan-an ni Pásítọ̀ wá kí Ìyá Ìjọ. Pásítọ̀ wọlé, ó fa imú, ó wo Ìyá Ìjọ, ó wo Bàbá, ó tún fa imú, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í gbàdúrà fún àwọn ilé tí ọtí ti wọ̀. Ìyá Ìjọ ò lè ṣe àmín, kò sì lè ṣàìṣe àmín. Bàbá dìde jẹ́ẹ́jẹ́, ó fọwọ́ bọ garawa, ó fa akoto yọ, omi dúdú ń kán tó-tó-tó sórí kápẹ́ẹ̀tì. Ó ní, "Pásítọ̀, ẹni tó ń mu ún rèé."

Látìgbà náà, iná mànàmáná ló ń lò, ìta gbangba ló sì ti ń ṣe é, torí atẹ́gùn tó ń hó jáde níbẹ̀ lè gbaná. Á po sódà ìfọṣọ mọ́ omi nínú garawa rọ́bà, á so irin tó dógùn-ún mọ́ ẹnu òdì ti ṣájà bátìrì mọ́tò, á so àlòkù irin mọ́ ẹnu kejì. Àlòkù irin lásán o, kì í ṣe ṣíbí tí kì í dógùn-ún, torí májèlé ni ìyẹn máa ń tú sínú omi. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tó jẹ́ ará Ọ̀wọ̀ wò ó títí, ó ní òun náà ti mọ̀ ọ́n ṣe. Ló bá lọ rẹ àwo ìjẹun sójà sínú omi sódà mọ́jú. Alumíníọ́mù ni àwo náà, sódà àti alumíníọ́mù kò sì jọ ń gbélé. Ó fi máa di òwúrọ̀, àwo ti dúdú, ojú rẹ̀ ti jẹ gbágungbàgun.

Ẹ má rẹ́rìn-ín púpọ̀, torí àwo bàbá àgbà rẹ̀ ni. Bàbá yẹn wà lára àwọn ọmọ ogun Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà tí wọ́n kó lọ sí Bọ́mà nígbà Ogun Kejì, àwọn ẹ̀yà ọmọ ogun 81 àti 82. Ẹ sáà gbọ́ ti Isaac Fadoyebo, ará Emùré-Ilé nítòsí Ọ̀wọ̀ náà, tí ọta àwọn ará Japan bà ní 1944, tí ìdílé Mùsùlùmí kan níbẹ̀ gbé pamọ́ sínú ilé fún ọ̀pọ̀ oṣù títí àwọn ọmọ ogun tiwọn fi dé. Ọ̀pọ̀ àwọn tó bọ̀ láti Bọ́mà, ohun tí wọ́n mú bọ̀ kò ju àwo àti ṣíbí lọ. Ọkùnrin Ọ̀wọ̀ yìí gbé àwo náà wá fún Bàbá, kò lè sọ̀rọ̀. Bàbá gbà á, ó fi omi ṣàn án, ó rọra ń fi aṣọ nù ún ní gbogbo ọjọ́ yẹn, kò bá a wí rárá. Ojú ibi tí sódà jẹ ṣì wà níbẹ̀, àmọ́ nọ́ńbà tí bàbá àgbà fi ìṣó kọ sábẹ́ rẹ̀ ti hàn kedere.

Ẹ̀ ń bi mí bóyá ẹ̀rù àwọn ohun ogun yìí ò bà wá. Ó ń bà wá kẹ̀! Ṣé ẹ gbọ́ ti tọkọtaya kan ní Milford Haven, ní Wales, ní 2023? Ọta àgbá àtijọ́ kan wà níwájú ilé wọn, ó ti wà níbẹ̀ kí wọ́n tó ra ilé náà, gbogbo èèyàn ní òkú ọta ni. Ìyá yẹn tó bá ṣe ọgbà tán, ara ọta náà ló máa ń gbá ọkọ́ mọ́ kí erùpẹ̀ lè bọ́! Àfìgbà tí ọlọ́pàá kan kọjá tó rí i, tí àwọn sójà fi dé, wọ́n ní ẹ̀tù díẹ̀ ṣì wà nínú rẹ̀. Ìyá Ìjọ ka ìròyìn yẹn fún ọkọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Bàbá ní ìdí rèé tí òun kì í fi í ra ohun tí wọ́n wú nílẹ̀, tí òun kì í fi í tú nǹkan, tí òun kì í fi í lu ihò sí nǹkan kan: òfìfo tó ti dá ẹni tó mọ̀ ọ́n lójú lòun ń rà.

Àmọ́ ta ló sọ ìyẹn fún ọmọ tó ń gbé píísà? Bàbá kun ọta mọ́tà kan, ó gbé e sórí ògiri iwájú ilé kí ó gbẹ. Ọmọ onípíísà rí i, ó ju píísà, ó pe ọlọ́pàá. Kí a tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, wọ́n ti fa okùn yí gbogbo òpópónà ká, wọ́n ní kí a jáde. Màmá Alákàrà ní òun ò lọ, epo òun wà lórí iná, bọ́ǹbù wo ló burú ju epo gbígbóná lọ? Àwọn sójà dé. Ọ̀kan nínú wọn fi awò wò ó látòkèèrè, ó rìn sún mọ́ ọn, ó bẹ̀rẹ̀, ó fojú wo òdìkejì nínú ihò ara rẹ̀, ó sì bú sẹ́rìn-ín. Ohun àkọ́kọ́ tó bi Bàbá ni ibi tó ti rí ọ̀dà tó bá tàtijọ́ mu bẹ́ẹ̀. Ààbọ̀ wákàtí ni Bàbá fi dá a lóhùn. Àkàrà tán nínú agbada Màmá Alákàrà lọ́jọ́ yẹn, ọwọ́ sójà ló tán sí.

Ẹ̀yin tí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ bá wà lókè àjà ilé bàbá yín, ẹ má fọwọ́ kàn án, ẹ má sì gbé e wọ pápákọ̀ òfurufú. Ẹ pe ọlọ́pàá ná. Tí wọ́n bá wò ó tí wọ́n ní òfìfo ni, ẹ gbé e fún Bàbá. Ó máa ń wà nílé lọ́jọ́ Sátidé. Àmọ́ ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ni kí ẹ kàn o, torí ohun tó wà lẹ́nu ilẹ̀kùn iwájú, ọ̀dà ara rẹ̀ kò tíì gbẹ.