Sẹ́ńsọ̀ Lásán Ni

Kò sí àdúgbò tí wọn kò sí ní Èkó. Àwọn tó ń ra Range Rover ọdún 2006 ni mò ń wí, èyí tí àwọn ará òkè òkun ti gùn títí tó fi sú wọn, tó gba Kùtọnú wọlé, tí wọ́n sì ń gbé lọ sóde ìnáwó ní Ìjẹ̀bú-Òde pẹ̀lú agbádá tó gba ìjókòó méjì. Owó tí wọ́n fi rà á ì bá ra Corolla tí kò ní yọ wọ́n lẹ́nu. Ṣùgbọ́n ta ni ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ń sáré ṣí géètì fún nítorí Corolla? Jíìpù ló ń mú kí ẹ̀ṣọ́ fò dìde, kó pariwo pé "Chairman! Ẹ wọlé, sà!", kó sì lé àwọn ọkọ̀ kéékèèké sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ìkíni yẹn ni wọ́n rà. Ọkọ̀ kàn bá a wá ni.

Ọkọ̀ kò sì ṣẹ̀. Olówó ni wọ́n ṣe é fún, owó olówó ló sì yẹ kí wọ́n máa fi tọ́jú rẹ̀. Bí ó bá ti ń sún mọ́ ogún ọdún, iye tí wọ́n ń tà á á já wálẹ̀ pátápátá, ṣùgbọ́n sípéà pátì rẹ̀ kò gbọ́ pé ọkọ̀ ti darúgbó.

Ọ̀kan nínú wọn ń bá wa gbé nínú ọgbà kan náà. Irú jíìpù tirẹ̀ kì í jókòó sórí sípíríǹgì irin. Àpò rọ́bà mẹ́rin ló gbé e dúró, ọ̀kan nídìí táyà kọ̀ọ̀kan, ẹ̀rọ kan tí wọ́n ń pè ní kọ̀ńpúrẹ́sọ̀ ló sì ń fẹ́ atẹ́gùn sínú wọn. Bí rọ́bà bá gbó, á sán. Bí ó bá sán, atẹ́gùn á máa yọ́ jáde lóru. Nígbà tí ilẹ̀ bá fi máa mọ́, jíìpù ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja bí ọkọ ìyàwó níwájú àwọn àna. Ọ̀gá á jáde wá, á ṣáná sí i, á wá dúró kí ó dìde. Èmi àti Micra mi wà lẹ́yìn rẹ̀, àwa náà ń dúró. Ìyá tó fẹ́ gbé ọmọ lọ sílé ìwé ń dúró.

"Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n. Sẹ́ńsọ̀ lásán ni."

Sẹ́ńsọ̀ ló fà á. Iná ẹ́ńjìnnì tàn lórí dáṣíbọ́ọ̀dù, sẹ́ńsọ̀ ni. Géèjì ooru gòkè títí ó fi wọ ibi pupa, sẹ́ńsọ̀ ni. Gíà ń ta ọkọ̀ nípàá kó tó wọlé, sẹ́ńsọ̀ gíà ni. Lọ́jọ́ kan ọ́ìlì ń kán sílẹ̀, ó dúdú kirikiri, ó sì ti ṣàn dé ẹnu ọ̀nà mi. Mo pè é kí ó wá wò ó. Ó wo ilẹ̀, ó wò mí, ó ní ó jọ pé sẹ́ńsọ̀ ọ́ìlì ni kò dáa.

Ohun tó ń bí mi nínú ni pé sẹ́ńsọ̀ wà nínú ọkọ̀ náà lóòótọ́, wọ́n sì pọ̀. Nídìí táyà kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan wà tó ń wo bí ọkọ̀ ṣe ga sílẹ̀ tó. Òmíràn ń wo bí omi ẹ́ńjìnnì ṣe gbóná tó. Iṣẹ́ tí wọ́n rán wọn ni wọ́n ń jẹ́. Nínú gbogbo ohun tó wà nínú jíìpù yẹn, tí a bá ka ẹni tó wà nídìí ọkọ̀ mọ́ ọn, sẹ́ńsọ̀ nìkan ni kì í purọ́, ìyà òótọ́ náà ni ó sì ń jẹ. Omi ń hó, sẹ́ńsọ̀ ní omi ń hó. Ọ̀gá lọ sí ọjà sípéà pátì ní Ládípọ̀, ó ra òmíràn tí wọ́n tú lára ọkọ̀ tó ti kú. Èyí náà dé, ó ní omi ń hó. Ó tún pààrọ̀ rẹ̀. Nígbà tó sú u, ó fi tépù dúdú lẹ ibi tí iná ìkìlọ̀ ti ń tàn. Mo ti wọ ọkọ̀ náà, mo sì rí tépù ọ̀hún ní àrídájú: ó gé e ní ìwọ̀n, ó fi sísọ́ọ̀sì ká igun rẹ̀ kó lè bá dáṣíbọ́ọ̀dù mu. Kò sí ibòmíràn lára jíìpù yẹn tí ọwọ́ rẹ̀ ti mọ́ tó báyẹn.

Òpùrọ́ ni. Kí n máa bò ó mọ́lẹ̀ kò ṣe mí láǹfààní kankan.

Mẹkáníìkì rẹ̀ ti ṣàlàyé fún un títí: rọ́bà kan sán, ìyẹn ló jẹ́ kí kọ̀ńpúrẹ́sọ̀ máa ṣiṣẹ́ láìsinmi, ìyẹn náà ló sì jẹ́ kó jóná. Kó pààrọ̀ rọ́bà. Rọ́bà wọ́n. Ó ra àlòkù kọ̀ńpúrẹ́sọ̀ Bẹ́líjíọ́ọ̀mù, ó kì í bọ ibẹ̀, ó jóná. Ó ra òmíràn. Àwọn kan tó gbọ́n díẹ̀ nínú wọn ti yọ rọ́bà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kúrò, wọ́n ti fi sípíríǹgì irin sí i, oorun wọn sì ń dùn. Òun ní ìyẹn á bu iyì ọkọ̀ kù. Iyì wo?

Ọ̀rọ̀ epo kò gùn. Kí Ààrẹ Tinubu tó sọ lọ́jọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023 pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ, iye tí ìjọba ń ta lítà kan kò tó ₦200. Kí ọdún 2024 tó parí, ó ti kọjá ₦1,000. Táǹkì jíìpù náà ń gbà ju 100 lítà lọ. Ọ̀gá ń ra ti ₦5,000 nígbà náà. Ẹ́ńjìnnì onísílíńdà mẹ́jọ ni, nínú sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ orí afárá Third Mainland, pẹ̀lú epo tí kò pé lítà márùn-ún! Kí epo má bàa tán, ó pa ẹ̀rọ amúlétutù. Kí àwọn èèyàn má bàa mọ̀ pé ó pa á, kò sọ gíláàsì kalẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń gbọn òógùn nù nínú ilé gíláàsì, tí ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́ sí àwa tó wà nínú ọkọ̀ kéékèèké.

Bí ẹ bá gba ojú ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn kọjá lọ́jọ́ Sátidé, ẹ wo apá Ìbàfò dáadáa. Ẹ ó rí wọn. Bọ́ńẹ́ẹ̀tì wà ní ṣíṣí, ooru ń rú túú, nítorí pé àwọn páìpù oníke tó ń gbé omi yí ẹ́ńjìnnì ká ti gbó, wọ́n sì ń là. Ọ̀gá ra odidi àpò píọ́ wọ́tà lọ́wọ́ ọmọ tó ń kiri, ó ń fi eyín já a lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń dà á sínú rédíétọ̀, ó fi ọwọ́ kejì ká agbádá sókè. Lẹ́yìn náà ó rìn díẹ̀ kúrò nídìí ọkọ̀, ó gbé fóònù sétí, kí ẹni tó bá ń kọjá lè rò pé ọkọ̀ ẹlòmíràn ni.

Ọdún ń yí lu ọdún, gbèsè mẹkáníìkì wà nílẹ̀. Owó ilé ìwé àwọn ọmọ ti di "ẹ fún wa dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀". Ìyàwó rẹ̀ kì í wọ jíìpù náà. Kẹ̀kẹ́ Márúwá ló ń wọ̀ lọ sọ́jà, ó sì ń tètè dé.

Ọ̀gá ti ta jíìpù náà báyìí. Ọmọkùnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí owó ló rà á. Kí ọmọ náà tó dé, ọ̀gá ti ṣáná sí ọkọ̀ láti àárọ̀, jíìpù ti dìde dúró, amúlétutù ń fẹ́ yìnyín. Ọmọ náà fọwọ́ kan tépù dúdú, ó béèrè ohun tó jẹ́. Ẹ ti mọ èsì tí wọ́n fún un.

Lálẹ́ ọjọ́ náà ọ̀gá kanlẹ̀kùn mi. Ó ti rí BMW X5 kan ní ọjà ọkọ̀ Bẹ́gà, ọdún 2005, ìwọ̀nba owó díẹ̀ ló kù tí kò fi pé, kí n jọ̀ọ́ yá òun. Mo ní kò sí lọ́wọ́ mi. Ó bojú wo ìta, ó wo Micra mi láti iwájú dé ẹ̀yìn, ó ní bí n bá fẹ́ tà á, òun mọ ẹni tó lè bá mi rà á.