Ìjàpá, Ọ̀jọ̀gbọ́n Olú

Àlọ́ o!
Ààlọ̀!

Àlọ́ mi dá fìrìgbagbòó, ó dá lórí Ìjàpá tìrókò ọkọ Yánníbo.

Òjò rọ̀ mọ́jú, olú lalẹ̀ hù. Ìjàpá tí kò já olú rí láyé rẹ̀ tọ Ìyá Òkété lọ pé kí wọ́n kọ́ òun. Ìyá mú un dé ìdí ọ̀gán kan. Wọn ò já olú náà o. Wọ́n kúnlẹ̀, wọ́n fi èékánná wa ilẹ̀ jẹ́jẹ́ títí gbòǹgbò rẹ̀ fi yọ, tẹ́ẹ́rẹ́ bí okùn, tó ń wọnú ilé ikán lọ. Wọ́n wá dá orin:

Bó o bá rólú lóko,
Wadìí rẹ̀ wò!
Bó funfun bí òwú,
Wadìí rẹ̀ wò!
Bí ò bá délé ikán,
Fi sílẹ̀ o jàre,
Wadìí rẹ̀ wò!

Orin náà dùn mọ́ Ìjàpá. Ó gbè é lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó ní òun ti gboyè. Kílẹ̀ tó ṣú, pátákó ti wà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀: Ọ̀JỌ̀GBỌ́N OLÚ, igba owó ẹyọ lórí ẹnì kan. (Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin náà mọ tàdúgbò yín.)

Ọ̀bọ san, Ewúrẹ́ san, Ẹtu yáwó san. Ọ̀gán jìnnà, ẹsẹ̀ Ọ̀jọ̀gbọ́n kúrú, ló bá kó wọn lọ sí ààtàn. Olú tó wà níbẹ̀ tóbi bí àwo, ó funfun, ìpẹ́ pupa rúsúrúsú wà lórí rẹ̀. Ewúrẹ́ yí ọ̀kan dojú dé.

“Ọ̀gá, abẹ́ rẹ̀ ti ń rí bí ewé.”

“Ṣé kì í ṣe ewé lò ń jẹ nílé ni?”

Ọ̀bọ ní, “Kò ní pa wá báyìí?”

“Wo Ìgbín, àtàárọ̀ ló ti ń jẹ ẹ́. Ó ha kú bí?”

Ìgbín gbọ́, kò fèsì, ẹnu rẹ̀ kún. Inú ìgbín kì í sì í ṣe inú ọ̀bọ, àmọ́ ta ni yóò bá ọ̀jọ̀gbọ́n jiyàn? Wọ́n ń já olú lọ́rùn, wọ́n ń gbe orin, ohùn wọn ṣe rẹ́gí.

Yánníbo fi ẹ̀gúsí sè é. Wọ́n jẹ ẹ́, wọ́n lá ìka. Ìjàpá ní òun ń ṣírò owó lọ́wọ́, òun yóò jẹ tòun bó bá yá. Kò pẹ́ tí èébì fi dé, ìgbẹ́ gbuuru tẹ̀ lé e. Ẹtu ò lè dìde, ibi tó ti jẹun náà ló dùbúlẹ̀ sí.

Ìyá Òkété gbé àtùpà dé.

“Ṣé ẹ wa ìdí rẹ̀?”

Ọ̀bọ mí kanlẹ̀. “A kọ ọ́ lórin, Ìyá.”

Wọ́n yíjú sí Ìjàpá. Orí rẹ̀ ti wọnú ìgbá, ohùn rẹ̀ nìkan ló jáde:

“Ìyá, ẹ̀kọ́ kejì nìyẹn. Owó tiẹ̀ lọ́tọ̀ ni.”