Ẹ̀yin Oní-díìsì, Ẹ Kú Ojú Ọ̀run

Àgbà là ń kọ́kọ́ kí. Ẹ̀yin bàbá olówó tẹ́ ẹ gbé àwo díìsì oní-mítà mẹ́ta sẹ́yìnkùlé nígbà ayé ológun, ẹ kú àṣehàn. Adìẹ ló ń sùn lábẹ́ ẹ̀ báyìí.

Ó kan àwọn ọmọ yín, àwọn oní-DStv. Àwo tiwọn ò tó mítà kan, ìgbéraga tó wà lórí ẹ̀ ni kò ṣeé wọ̀n. Sátẹ́láìtì tó ń fún wọn láwòrán wà lókè ní nǹkan bíi kìlómítà 36,000. Àwòrán á rìn gbogbo ọ̀nà yìí láìfarapa, á dé ojú ọ̀run Ìbàdàn, á pàdé òjò. Ó parí! Ìgbì tó gbé e wá kúrú, ẹ̀kán òjò á gbé e mì.

Bọ́ọ̀lù sì ku ìṣẹ́jú méjì. Bàbá á pariwo: “Ṣẹ́gun, gun òrùlé!” Ṣẹ́gun á gùn ún nínú òjò, á máa yí àwo.

“Ṣé ó ti dé?”

“Kò tíì dé!”

“Ṣé ó ti wá dé?”

“Ó dé! Má yí i mọ́! Áà, ó ti lọ!”

Òjò á dá, àwòrán ò ní padà, torí Ṣẹ́gun ti yí díìsì kọjú sílé alájọgbé. Oníṣẹ́ díìsì rí owó ọbẹ̀ nìyẹn.

Ẹ̀yin oní-GOtv, ẹ má rẹ́rìn-ín. Láti 2011 lẹ ti ń sọ lóde ìnáwó pé ẹ ní díìsì. Díìsì wo? Áńtẹ́nà lẹ ní! Òpó orí ilẹ̀ ló ń bá yín ṣe é, sátẹ́láìtì ò mọ̀ yín rí. Ẹ gbé e dé abúlé tí òpó ò sí, kẹ́ ẹ wá máa wo iná pupa ara dẹ̀kódà bí ẹni ń wo fíìmù. Àmọ́ òjò kì í fi bẹ́ẹ̀ dà yín láàmú, owó yín sì fúyẹ́. Ìdí nìyí tí oní-DStv fi máa ń ya ilé yín nígbà òjò, tó ní òun kàn wá kí yín.

StarTimes ní tiẹ̀ bá NTA dòwò pọ̀ ní 2010. Ó ní ti áńtẹ́nà, ó ní ti díìsì, ó tún fìgbà kan gbà kéèyàn san owó ọjọ́ kan péré. Ìwọ tó máa ń san ti Sátidé nìkan nígbà náà, mo mọ̀ pé bí onílé bá gbà, bẹ́ẹ̀ náà lo ṣe máa san owó ilé.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sáré ra HiTV nítorí bọ́ọ̀lù Premier League ní 2007, mi ò ní bá yín wí. Ojú yín ti rí tó nígbà tó kógbá wọlé.

Ìdájọ́ mi rèé: ará ìlú tí òpó wà nítòsí, kó ra ti áńtẹ́nà, ará oko, díìsì ló kù. Àmọ́ kẹ́ ẹ tó lé ọmọ gun òrùlé, ẹ wo nọ́ńbà ojú tẹlifíṣọ̀n yín. Tí DStv bá kọ E48-32, ẹ bi òjò, ẹ bi wáyà. Tó bá kọ E16, òjò ò mọwọ́ mẹsẹ̀, ẹ lọ san gbèsè.