Mo Sọ̀rọ̀ Jàǹbá Létí Dẹ́rẹ́bà

Ìkéde ọlọ́pàá ló kó mi sídìí iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì. Ọ̀gá àgbà ọlọ́pàá nígbà náà, Kayode Egbetokun, ní kí àwọn ọmọọṣẹ́ òun máa béèrè ìwé ìnṣọ́ránsì lọ́wọ́ onímọ́tò láti ọjọ́ kìíní oṣù kejì ọdún 2025. Bí mo ṣe gbọ́ ọ, gáréèjì Èjìgbò ni ọkàn mi lọ: gbogbo bọ́ọ̀sì tó ń ná Òṣogbo, Ìwó àti Ògbómọ̀ṣọ́, gbogbo Márúwá, gbogbo ọ̀kadà. Mo ti ná owó kọmíṣàn wọn tán lọ́kàn kí n tó lọ gbaṣẹ́. Iléeṣẹ́ kan gbà mí, wọ́n fún mi ní báàgì àti ìwé pélébé tó ń dán. Ọ̀gbẹ́ni tó kọ́ wa ní kí a máa sọ̀rọ̀ jàǹbá títí tí oníbàárà á fi rí i lójú ara rẹ̀. Ó dá mi lójú pé ọkùnrin náà kò dé gáréèjì rí.

Mo dé ibẹ̀ ní ìdájí. Dẹ́rẹ́bà kan ń bu omi sí rédíétọ̀, bọ́ọ̀sì rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kún. Mo tẹ̀ba, mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ káàárọ̀ o. Ẹ jẹ́ ká ní ẹ ṣí kúrò níbí báyìí, ẹ ò tíì jìnnà, búréèkì já, ẹ lọ pa ìyá arúgbó kan..."

Ó gbé kẹ́ẹ̀gì sílẹ̀. Ó fi ọwọ́ yí orí ká lẹ́ẹ̀mẹta, ó ta á dànù síhà ọ̀dọ̀ mi. "Orí ẹ ni! Orí ìwọ àti ẹni tó rán ẹ ni!" Àwọn tó wà nínú bọ́ọ̀sì kò gbọ́ ju "búréèkì já" lọ. Màmá tó jókòó síwájú ní kí wọ́n sọ ẹrù òun kalẹ̀. Ọkùnrin tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ní òun náà ò lọ mọ́, àlá tí òun lá lóru kò dáa tẹ́lẹ̀. Kí n tó ṣí ìwé pélébé mi dé ojú ewé kejì, bọ́ọ̀sì ti ṣófo, àwọn ọmọ gáréèjì sì ti gbá mi ní ṣòkòtò mú.

Akọ̀wé gáréèjì, bàbá àgbàlagbà kan, ló gbà mí sílẹ̀. Ó béèrè ọmọ ẹni tí mo jẹ́, mo sọ, ó mi orí pé irú bàbá bẹ́ẹ̀ kò yẹ kó bí irú ọmọ yìí. "Ta ló kọ́ ẹ pé wọ́n ń dárúkọ ohun burúkú fún ẹni tó fẹ́ rìnrìn àjò? Ọlọ́pàá ni kó o máa sọ fún wọn, ọmọ mi. Kò sẹ́ni tí kò mọ̀ pé ọlọ́pàá ń bẹ lọ́nà."

Mo gba ìmọ̀ràn, ọjà sì tà. Ibẹ̀ gan-an ni ẹ̀ṣẹ̀ mi ti wúwo jù. Láti ìgbà òfin 1945 ni wọ́n ti torí ẹni tí mọ́tò bá gbá ṣe tọ́ọ̀dì pátì, ìnṣọ́ránsì tí mò ń tà, kí òun tàbí ẹbí rẹ̀ lè rí owó gbà. Òfin 2003 fi dúkìá kún un, kí ẹni tí wọ́n wó ògiri rẹ̀ lè tún un mọ. Lẹ́nu tèmi, ẹni tí mọ́tò gbá kò sí mọ́, ọlọ́pàá nìkan ló kù. Dẹ́rẹ́bà tó gbé ońdè kọ́ síwájú ọkọ̀ ra ìwé mi kún un, iṣẹ́ kan náà sì ni méjèèjì ń ṣe lójú rẹ̀. N kò já a ní koro.

Ti owó ńkọ́? Láti ìbẹ̀rẹ̀ 2023 ni NAICOM, àjọ tó ń ṣàkóso iṣẹ́ yìí, ti sọ ọ́ di 15,000 náírà fún ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ara ẹni, 100,000 fún lọ́rì tó ń gbẹ́rù gbowó. Mo wo lọ́rì alágbàdo kan tòkètilẹ̀, mo pe 15,000. Ẹni tó ni ín kò ná an rárá. Ó yẹ kí ìyẹn ti ta mí lólobó. Ó súre fún mi, ó tún lọ pe àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ wá. Nígbà tí mo dá owó kálukú padà, wọ́n gba ìre wọn padà pẹ̀lú.

Ti Abidjan ló fẹ́rẹ̀ẹ́ lé mi nílùú. Agbo ilé tí kò ní èèyàn ní Côte d'Ivoire ṣọ̀wọ́n ní Èjìgbò. Bọ́ọ̀sì ń gbéra nílùú wa, á gba Kútọnu, Lòmé àti Accra kọjá, ó di Abidjan. Àgbà ń sọ Faransé, ọmọdé ń fèsì. Èmi ò gbọ́ ju "bọ̀njúù" lọ, mi ò sì fẹ́ kẹ́nikẹ́ni mọ̀. Dẹ́rẹ́bà kan ra tọ́ọ̀dì pátì lọ́wọ́ mi, ó ní, "Carte brune ńkọ́?" Mo rò pé ike tí wọ́n fi ń wé ìwé ló ń béèrè. Mo ní, "Ó wà níbẹ̀, ẹ̀gbọ́n. Ọ̀fẹ́ ni." Brown Card ti ECOWAS ló ń sọ, èyí tí àdéhùn Kútọnu ọdún 1982 dá sílẹ̀, tí mọ́tò Nàìjíríà bá gbá èèyàn ní Togo, kí wọ́n lè san owó onítọ̀hún bí òfin Togo ṣe wí. Èmi bá fi ike funfun wé tèmi fún un.

Fóònù dún láàjìn láti ibodè Sẹ̀mẹ̀. Dẹ́rẹ́bà náà kò bú mi púpọ̀, ó kàn gbé fóònù fún èrò. Àwọn ìyá tó ń kó gàrí lọ fọ́mọ ní Treichville l'Abidjan ń gbà á lọ́wọ́ ara wọn, wọ́n fi Yorùbá bú mi, wọ́n fi Faransé bú mi. Èyí tó jẹ́ Faransé ni mo dúpẹ́ fún, mo rò pé ẹnì kan ń bá mi bẹ̀ wọ́n. Wọ́n ra ìnṣọ́ránsì ọjọ́ díẹ̀ lẹ́nu ibodè, èmi ni mo san án.

Ó ku ọ̀kan tí n kò tíì sọ fún ìyàwó mi. Mo gun ọ̀kadà mi lọ sí Ifẹ̀-Ọ̀dàn, báàgì iléeṣẹ́ lẹ́yìn, fìlà iléeṣẹ́ lórí. Ọlọ́pàá dá mi dúró, ó yẹ pátíkúlà wò. "Ìnṣọ́ránsì ńkọ́?" Ó wo fìlà, ó wo báàgì, ó wo ojú mi. Ti ọ̀kadà, 3,000 náírà péré, n kò rà á rí. Ó pe ẹnìkejì rẹ̀ wá wò mí. Ẹ̀gbẹ́ títì yẹn ni mo ti fi fóònù ta ìnṣọ́ránsì fún ara mi, tí ọlọ́pàá ń bá mi ka nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì.

Nígbà tí a ṣe é tán, ó bojú wẹ̀yìn, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ọkọ̀ tèmi náà ò ní. Kí lẹ máa ń sọ fáwọn èèyàn tí wọ́n fi ń rà á?"

Mo la ẹnu, mo pa á dé.

Ó ní, "Sọ̀rọ̀ náà, mò ń gbọ́."