Bàbá Onílé àti Gílóòbù Wọn

Ẹ fà mọ́ra jàre, kí ẹni tó ní ẹ̀pà lọ́wọ́ gbé e sáàárín. Ṣé ẹ mọ Bàbá Onílé tiwa, ní Banikanni níbí? Àwọn tó ń wọ ìbọ̀sẹ̀ sí sálúbàtà tí ọyẹ́ bá ti dé. Ẹ ṣáà mọ̀ wọ́n. Wọ́n ti tún gbé tuntun dé o! Tí wọ́n bá ra gílóòbù ẹlẹ́nu lílọ́ tí kì í jẹ iná púpọ̀, kí wọ́n tó fi kọ́ àjà, wọn á mú báírò, wọn á kọ ọjọ́ tó wọlé sí i nídìí, bí ìgbà tí èèyàn ń sọmọ lórúkọ. Ìyàwó wọn ní àgbò nìkan ló kù.

Páálí ló kó bá wọn. Wákàtí 8,000 ni páálí kọ. Bàbá bá jókòó, wọ́n ṣírò: tá a bá ń tàn án fún wákàtí márùn-ún lálẹ́, á lé ní ọdún mẹ́rin. Ọdún mẹ́rin! Inú wọn dùn débi pé wọ́n ra ti gbogbo ilé, títí kan ti ilé ìyàgbẹ́. Ọyẹ́ ò tíì kásẹ̀ nílẹ̀ tí ti pálọ̀ fi kú. Wọ́n tẹ́ òkú náà sínú páálí rẹ̀, ó di ọjà Arzèkè. Ọmọkùnrin tó tà á fún wọn yí páálí síwá sẹ́yìn, ó ní, "Bàbá, níbo ni wọ́n kọ ọ́ sí pé Banikanni lẹ ti máa tàn án?"

Ẹ̀rín pa gbogbo ọjà. Àmọ́ ṣé irọ́ ló pa? Àwọn èròjà wẹ́wẹ́ ló kún ìdí gílóòbù yẹn. Iná tó ń ga tó ń wálẹ̀ a máa ṣe wọ́n léṣe, ooru sì lolórí ọ̀tá wọn. Ta ló wá fi ìgò dé ti pálọ̀ pa kí kòkòrò má baà wọ̀ ọ́? Ṣebí Bàbá náà ni! Ti ilé ìyàgbẹ́ ńkọ́? Àwọn ọmọ wa ló ṣekú pa á: tàn án, pa á, tàn án, pa á. Ẹlẹ́nu lílọ́ yẹn ò fẹ́ bẹ́ẹ̀ rárá. LED ló lè fara dà á.

Ibi tá a ti ń rẹ́rìn-ín ni Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì bá wa. Ẹ mọ Tíṣà, wọn kì í kíni tán kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ni. Wọ́n ní gílóòbù kan ń bẹ nílé àwọn panápaná ní Livermore, ní Amẹ́ríkà, tó ti ń tàn láti 1901. Wọ́n tún ní ní 1924, àwọn ilé iṣẹ́ gílóòbù ńláńlá, Osram àti Philips wà níbẹ̀, pàdé ní Geneva, wọ́n sì fẹnu kò pé gílóòbù ò gbọdọ̀ lò ju wákàtí 1,000 lọ. Ẹni tí tirẹ̀ bá pẹ́ jù, á san owó ìtanràn. Bàbá fò dìde: "Ẹ ò rí i! Mo ti sọ!" Tíṣà ní ti àtijọ́ nìyẹn, kì í ṣe ti ìsinsìnyí. Ta ló dá wọn lóhùn?

Ìyá Eléwà, tí wọ́n ti gbé Kumasi rí, ní àwọn ò bá gílóòbù yìí jà, torí ní 2007 tí omi fà ní dáàmù iná Akosombo, ìjọba Ghana pín mílíọ̀nù mẹ́fà rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Lọ́fẹ̀ẹ́ kẹ̀! Bàbá béèrè bóyá ó ṣì ṣẹ́kù.

Ó wá ku ti Ìyá Aládìẹ ẹ̀yìnkùlé, tí wọn ò la ẹnu wọn. Ẹ sún mọ́ mi. Bàbá ti yọ gílóòbù àtijọ́ 60 wátì kúrò nílé òròmọdìẹ wọn, wọ́n fi LED 9 wátì rọ́pò. Wọ́n ní ìmọ́lẹ̀ kan náà ni. Ìmọ́lẹ̀ kẹ̀? Ìwé wo ni òròmọdìẹ fẹ́ kà? Ooru ni wọ́n ń wá nínú ọyẹ́, ooru náà sì ni ti àtijọ́ ń sọ èyí tó pọ̀ jù nínú iná rẹ̀ dà. Ìyá bá wá ti àtijọ́ kiri ọjà, wọ́n rí i, wọ́n ti dá a padà síbẹ̀. Tí wọ́n bá gbúròó sálúbàtà Bàbá, wọn á yáa fi aṣọ bo ilé adìẹ. Ẹ má tú wọn fó o, mítà kan ṣoṣo ni gbogbo ilé ń lò.