Káàdì Délé, Oníkáàdì Kò Sí Ńlé
Ní Banikanni, ní Parakou, ta ló ń bi ilé ní nọ́ńbà? “Kọjá mọ́sálásí, béèrè ìyá oníwàrà.” Bó o bá ti kó lọ, ìyá á júwe ilé tuntun, á sì ka gbèsè wàrà rẹ mọ́ ọn. Kí ọmọ àdúgbò wá jẹ lọ́tìrì físà dé Amẹ́ríkà, níbi tí ilé ajá pàápàá fẹ́rẹ̀ẹ́ ní nọ́ńbà. Bó bá kó kúrò nílé, ọjọ́ 10 ni òfin fún un láti fi fọ́ọ̀mù AR-11 sọ fún ìjọba. Bó bá gbàgbé, gíríìn káàdì tí wọ́n bá fi ránṣẹ́ sí i á lọ ilé àtijọ́ tààrà, kò ní ṣìnà. Bí wọ́n bá sì fẹ́ bi í léèrè ibi tó wọlẹ̀ sí, ilé àtijọ́ náà ni wọ́n ń kọ̀wé sí, tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀.